Odídẹrẹ́ Inú Àgò: Ǹjẹ́ Oúnjẹ Nìkan Tó?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan nínú wa. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré rárá: bí ẹ̀dá kan bá wà ní ìkáwọ́ wa, tí kò lè sá lọ, tí kò lè pè wá lẹ́jọ́, tí a sì ń fún un ní oúnjẹ lójoojúmọ́, ǹjẹ́ a ti san gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tí ó wà lọ́rùn wa?

Ẹyẹ tí a ń sọ ni odídẹrẹ́, èyí tí àwọn baba wa tún ń pè ní ayékòótọ́. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ìrù rẹ̀ sì pupa fòò. Inú igbó ni ilé rẹ̀, láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Díẹ̀ ni ẹyẹ tí ó mọ ènìyàn sín jẹ tó o, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fẹ́ ẹ sílé, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Kútọnu, títí dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn wà tí ó ń jẹ́ Alex. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Irene Pepperberg, rà á ní ìlú Chicago ní ọdún 1977. Kí ẹyẹ náà tó kú ní ọdún 2007, ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí ó lé ní 100, ó mọ àwọ̀, ó mọ ìrísí nǹkan, ó sì lè ka nǹkan dé 6. Ẹ rí i pé ẹ̀dá tí ó ní òye ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá wọ àwọn ilé kan tí wọ́n ti ń sin odídẹrẹ́, ẹ ó rí i tí àyà rẹ̀ pá, tí itan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ti adìẹ tí a ti tu fún ọbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè, olówó rẹ̀ á ní, "Ebi kò pa á o, ẹ wo ẹ̀pà níwájú rẹ̀." Òótọ́ sì ni, ẹ̀pà wà níbẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÌYẸ́ JẸ́ FÚN ẸYẸ

Ìyẹ́ ni aṣọ ẹyẹ. Òun ni ẹwù òtútù rẹ̀, òun ni agbòjò rẹ̀, òun náà ni ó fi ń rin ìrìn àjò. Ẹyẹ tí ara rẹ̀ dá máa ń lo àkókò púpọ̀ lóòjọ́ láti fi àgógó rẹ̀ to ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibì kan wà lókè ìdí ìrù rẹ̀ tí ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ ti ń sun. Á fi ẹnu kan ibẹ̀, á sì fi pa ìyẹ́ rẹ̀. Odídẹrẹ́ tún ní àwọn ìhùùhù kan tí ó máa ń rún di lẹ́búlẹ́bú funfun bí àtíkè, tí ó sì ń tàn ká gbogbo ara rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan odídẹrẹ́ tí ara rẹ̀ le, tí àtíkè yìí kò sí rárá, ó yẹ kí ẹ fura.

Lóòrèkóòrè ni ẹyẹ máa ń pààrọ̀ ìyẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ti àtijọ́ ń já bọ́, tí tuntun sì ń hù dípò rẹ̀. Nítorí náà, ìyẹ́ tí a bá rí nílẹ̀ àgò kì í ṣe àmì àìsàn bí kò bá sí ibi tí ó pá lára ẹyẹ. Ìyẹ́ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí ó bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ẹni tí ó bá ń fa ìrù odídẹrẹ́ tu nítorí ìkóódẹ pupa inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ara ààyè ni òun ń fà ya.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àgógó kan náà tí ẹyẹ fi ń tún ara rẹ̀ ṣe ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Á máa gé ìyẹ́, á máa fà á tu, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń já ẹran ara wọn. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni? Ẹ wo orí rẹ̀. Bí àyà, ikùn, itan àti abẹ́ apá bá pá, tí ìyẹ́ orí sì pé pérépéré, ẹyẹ náà ni ó ń tu ara rẹ̀, nítorí àgógó rẹ̀ kò lè dé orí ara rẹ̀. Bí orí náà bá pá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àìsàn, tàbí kí ẹyẹ mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé máa tu ú. Bí ó bá sì pẹ́ tí ó ti ń tu ú, ihò tí ìyẹ́ ń gbà hù á bàjẹ́, ìyẹ́ lè má hù níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: inú àgò ni a ti ń rí ìwà yìí. Àwọn odídẹrẹ́ inú igbó kì í tu ara wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ ní ilé tirẹ̀, tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ ní ilé tiwa, ṣé a lè sọ pé kò kàn wá?

ÀWÍJÀRE MẸ́TA

Àwọn ènìyàn máa ń wí àwíjàre mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí a gbọ́ wọn dáadáa kí a tó dá wọn lóhùn.

Èkíní: "Ẹyẹ lásán ni. Ṣebí adìẹ náà ẹyẹ ni, a sì ń pa á jẹ." Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀tọ́ láti pa ẹran jẹ kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti fìyà jẹ ẹran. Ẹ̀sìn tí ó gbà wá láyè láti pa ẹran ni ó tún pa á láṣẹ pé kí a pọ́n ọ̀bẹ, kí ara lè tètè tu ẹran náà. Bí a bá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìrora ìṣẹ́jú kan, kí ni a ó ti wí nípa ìrora ọdún púpọ̀? Odídẹrẹ́ tí a bá tọ́jú lè lo 40 ọdún sí 60 láyé. Ọbẹ̀ adìẹ tán ní ọjọ́ kan. Àgò odídẹrẹ́ lè gbó ju ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ.

Èkejì: "Owó mi ni mo fi rà á." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí a san kò pa ẹ̀tọ́ ẹ̀dá náà rẹ́, ńṣe ni ó gbé e kà wá lọ́rùn. Kí a tó rà á, ẹrù rẹ̀ kò sí lọ́rùn wa. Ọlọ́hun ni ó ń bọ́ ọ nínú igbó. Ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn àgò ni a gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹni tí ó bá ra aṣọ lè fi í sínú òòrùn kí ó ṣá, aṣọ kò mọ ìrora. Ẹyẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí yóò bá fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù: "Mo ń bọ́ ọ ju bí igbó ṣe ń bọ́ ọ lọ. Àṣá kò lè gbé e, òjò kò lè pa á." Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí obìnrin tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a, sọ ìtàn rẹ̀, ẹni tí ó tì ológbò mọ́lé títí tí ó fi kú. Ohun méjì ni a kà sí i lọ́rùn: kò fún un ní oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í sílẹ̀ kí ó lọ wá tirẹ̀ jẹ. Ẹ wo bí a ṣe dárúkọ méjèèjì. Bí a bá gba òmìnira lọ́wọ́ ẹ̀dá, gbogbo ohun tí òmìnira yẹn ń ṣe fún un ti di gbèsè wa, oúnjẹ sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Nínú igbó, odídẹrẹ́ kì í dá sùn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè jọ sùn sórí igi. Ó ń fò lọ sí ibi tí ó jìnnà, ó ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí láti wá oúnjẹ, láti bó èèpo, láti fọ́ kóró. Nínú àgò, àwo kan wà níwájú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti yó, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sì ti parí. Ọjọ́ gígùn tí ó kù ńkọ́? Ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹun, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí ó ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ó fi òun sẹ́wọ̀n nítorí oúnjẹ.

Ẹ̀rí tún wà fún èyí. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga California, ní Davis, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ odídẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó rí jẹ, pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n lè gùn àti èyí tí wọ́n lè bó. Wọ́n fi àwọn yòókù sínú àgò lásán. Ìyẹ́ àwọn ti àkọ́kọ́ dára ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n sì gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ti ń tu ara wọn, ìyẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Oúnjẹ wà fún gbogbo wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó yàtọ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe àṣejù. Àbúrò Anas ọmọ Málíìkì, Abu Umayr, ní ẹyẹ kékeré kan tí ó fi ń ṣeré nígbà ayé Ànábì, wọn kò sì kọ̀ ọ́ fún un. Láti inú ìtàn yìí ni àwọn onímọ̀ ti fa á yọ pé a lè sin ẹyẹ bí a bá ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. A kò sì gbọdọ̀ wo ẹyẹ tí ó pá kí a sọ lójú ẹsẹ̀ pé ìkà ni olówó rẹ̀. Àìsàn kan wà tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tí ó ń ba ìyẹ́ àti àgógó jẹ́, tí ó ń ran ẹyẹ mìíràn, tí kò sì tíì ní oògùn. Ó lè mú ẹyẹ olóore bí ó ṣe lè mú ti ẹlòmíràn. Ara pípá ẹyẹ, ìbéèrè ni ó ń bi wá. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa wà nínú kí a gbọ́ ìbéèrè náà, kí a sì kọ̀ láti wádìí.

OHUN TÍ ÌTỌ́JÚ JẸ́

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni kí ẹni tí ó ti ní odídẹrẹ́ nílé ṣe?

Oúnjẹ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo nìkan kò tó. Ọ̀rá wọn pọ̀, ṣùgbọ́n fítámì A àti kálísíọ̀mù inú wọn kéré, bí méjèèjì bá sì dín lára odídẹrẹ́, awọ ara rẹ̀ á gbẹ, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní dán, gìrì tilẹ̀ lè mú un. Ẹ wo ohun tí ó ń jẹ nínú igbó: ẹyìn ọ̀pẹ wà lára ohun tí ó fẹ́ràn jù, ohun tí ó sì mú ẹyìn pọ́n ni ara ń sọ di fítámì A. Ẹ fún un ní ẹyìn, ìbẹ́pẹ, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ ùgwú àti ata. Kí ẹ má bẹ̀rù ata, kì í ta ẹyẹ lẹ́nu. Ẹ lè lọ èèpo ẹyin tí a ti sè sínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀pà tí ó ti bu, ẹ dà á nù, májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Píà, ṣokoléètì, ọtí, kọfí àti iyọ̀ púpọ̀ léwu fún un. Obì náà kò dára, nítorí ohun tí ó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀.

Omi ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ máa fọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní ọ̀sán, kí ara rẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi lásán ni o, kò gba ọṣẹ. Nígbà ọyẹ́, àti fún àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná, èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú kí awọ ara máa yún un. Kí a má ṣe fi òróró tàbí àdín pa ibi tí ó pá: ọ̀rá á lẹ ìyẹ́ pọ̀, òtútù á sì wọlé sí i lára. Àwọn tí ó ń fi kẹrosíìnì pa kòkòrò lára ẹyẹ, májèlé ni wọ́n ń fi pa á.

Ẹ jẹ́ kí òòrùn òwúrọ̀ kàn án níta, kí òjìji sì wà tí ó lè sá sí. Òòrùn tí ó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kò ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ó sùn fún wákàtí 10 sí 12 nínú òkùnkùn, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n kò ti ní dé. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò gba èéfín: ẹ gbé e jìnnà sí sìgá, sí tùràrí, sí oògùn ẹ̀fọn tí a ń sun, àti sí páànù ìdínǹkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, nítorí bí irú páànù bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ ṣe. Ẹ di oúnjẹ rẹ̀ sínú bébà, ẹ fi sínú háríhá àgbàdo, ẹ fún un ní igi tútù tí ó lè bó. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ sì máa mú un jáde kúrò nínú àgò lójoojúmọ́. Bí ó bá ń tu ìyẹ́, kí ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn, kí ẹ má sì nà án. Àwọn mìíràn máa ń sáré sí i nígbà tí ó bá ń tu ú, ẹyẹ náà á wá mọ̀ pé báyìí ni òun ṣe lè pè wọ́n. Ìgbà tí ó bá jókòó jẹ́jẹ́ ni kí ẹ lọ bá a.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé àìrí-nǹkan-ṣe ni, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ẹyẹ tuntun bá wọlé, kí ó dá wà ní yàrá tirẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán, kí ó má baà kó àìsàn ran èyí tí ó wà ńlẹ̀.

KÍ A TÓ RÀ Á RÁRÁ

Ó ku ìbéèrè kan, òun sì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Níbo ni a ti rí ẹyẹ náà? Àtè ni àwọn ọdẹ fi ń mú odídẹrẹ́ nínú igbó, tàbí kí wọ́n gun igi lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ihò. Ọ̀pọ̀ wọn ń kú kí wọ́n tó dé ọjà. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ rí i pé ní ilẹ̀ Gánà, láti ọdún 1992, odídẹrẹ́ ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú ìdá 100. Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ìpàdé ní Johannesburg, wọ́n sì fẹnu kò láti fi òfin dé òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2017.

A gbọ́ nínú hádísì pé àwọn kan kó ọmọ ẹyẹ méjì nígbà ìrìn àjò, ìyá wọn sì ń fò yí ká ní ìdààmú. Nígbà tí Ànábì rí i, ó bèèrè ẹni tí ó dà á láàmú nítorí ọmọ rẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá ń ra ọmọ odídẹrẹ́ tí a kó nínú ihò igi, òun ni ó ń sanwó fún ẹni tí ó gun igi náà. Bí kò bá sí olùrà, kò ní sí ọdẹ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má ṣe ra ẹyẹ inú igbó mọ́.

Àní bí ó bá jẹ́ èyí tí a bí sílé, kí ọmọ ogún ọdún tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ ronú. Bí o bá lọ sìnrú ìlú, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Bí o bá lọ sílé ọkọ, tàbí tí o bá rí físà, ta ni yóò gbà á? Ó lè kù lẹ́yìn rẹ. Bí o kò bá ní ìdáhùn, ohùn rẹ̀ dùn láti inú igbó ju inú àgò rẹ lọ.

Ẹni tí ó ti ní in ńkọ́? Kí ó má kàn ṣílẹ̀kùn kí ó ní òun dá a sílẹ̀. Ẹyẹ tí a tọ́ sínú àgò kò mọ bí a ṣe ń wá oúnjẹ, kò mọ àṣá. Ìdásílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè di ikú. Ọ̀nà tí ó kù ni kí ó tọ́jú rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀, awọ rẹ̀, oorun rẹ̀ àti ayọ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ ikùn rẹ̀ nìkan.

Ayékòótọ́ ni a pe ẹyẹ yìí. Alejò tí ó bá wá kí wa á yin ohùn rẹ̀, ojú á sì tì í láti sọ̀rọ̀ nípa àyà rẹ̀ tí ó pá. Ẹyẹ náà kò mọ ìtìjú yẹn. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń fi hàn. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á wà lára àwọn tí yóò gba òótọ́ náà, kí á sì ṣe ohun tí ó yẹ nígbà tí ọwọ́ wa ṣì ká a. Àmín.